Ọ̀rọ̀ Ẹnu àti Ọgbọ́n Nínú Ìjọ Ọmọ Yorùbá Láti Ọdún 1844

Ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844 ni ìtàn ìjọ kà sí ọjọ́ ìsìn Kristẹni àkọ́kọ́ tí a fi èdè Yorùbá wàásù. Ilé ìsìn CMS, ẹgbẹ́ òjíṣẹ́ ìhìn rere ti ìjọ Áńgílíkà, ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, ni wọ́n ti ṣe é. Samuel Àjàyí Crowther ni ó wàásù: ọmọ Òṣogùn tí ogun kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lórí òkun ní 1822, tí wọ́n sì fi jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843. Orí kìn-ín-ní ìwé Lúùkù ni ó mú ẹsẹ ìwàásù rẹ̀, níbi tí áńgẹ́lì ti ń jíṣẹ́ ìbí Jésù fún Màríà. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé èdè abínibí òun dà bí ohun àjèjì lẹ́nu òun lọ́jọ́ náà, àfi bí ìgbà tí ọmọ ọwọ́ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Nígbà tí ó súre tán, gbogbo ilé ìsìn hó pé: Kí ó ṣẹ!

Ìdáhùn yìí tó ohun tí à ń dúró wò. Kò sí ìwé àdúrà tí ó kọ́ wọn. Bí àgbà ilé bá ń wúre, tí ó ní kí ọmọ má kú, kí àgàn tọwọ́ bọ osùn, ohun tí ará ilé fi ń gbè é nìyẹn. Àwọn tí wọ́n jókòó ní Freetown kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ìbùkún Kristẹni. Wọ́n ti ń gbọ́ ọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tipẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ọ ní èdè tí àwọn ìyá wọn fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún ni wọ́n tó mọ̀ pé ìre ni, tí wọ́n sì gbà á bí a ti ń gba ìre.

Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Sàró nígbà náà. Ogun tí ó tú Ọ̀yọ́ Ilé àti àwọn ìlú Ẹ̀gbá àti Òwu ká ni ó sọ wọ́n di ẹrù ọkọ̀, tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń lé àwọn oníṣòwò ẹrú sì gbà wọ́n sílẹ̀ ní Freetown. Kí orúkọ Yorùbá tó di orúkọ gbogbo wọn, Akú ni àwọn ará Sàró ń pè wọ́n, nítorí ìkíni wọn tí kì í tán: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àtijọ́. Orúkọ yẹn náà ni John Raban, òjíṣẹ́ CMS kan, fi sórí ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ láàrin 1830 àti 1832. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni ayé kọ́kọ́ fi dá wọn mọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìlú tí wọ́n ti wá.

Ìdí wà tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Láàrin àwọn ènìyàn yìí, ọ̀rọ̀ kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán. Ìwúre ń kọ́ ilé, èpè ń tú u. Olóògùn gbà pé bí òun bá mọ orúkọ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ohun kan, tí òun sì pe ọfọ̀ rẹ̀ pé, ohun náà kò ní lè ṣàìjẹ́ òun. Oríkì a máa mú orí ẹni wú, a sì máa mú ọmọ tí ń ṣàìsàn ranjú. Síbẹ̀, àwọn kan náà tí wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ lágbára tó báyìí ni wọ́n ń fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn kọ́ ọmọ pé kí ó ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, wọ́n ní, bí ó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Agbára ọ̀rọ̀ àti ìkóra-ẹni-níjàánu, ẹ̀kọ́ kan náà ni. Nígbà tí ìwé Òwe Sólómọ́nì àti lẹ́tà Jákọ́bù dé etí wọn, ẹ̀kọ́ tí ó jọ èyí ni wọ́n bá níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orísun rẹ̀ yàtọ̀: ní ti Bíbélì, Ọlọ́run fi ọ̀rọ̀ dá ayé, Òun náà ni yóò sì bi ènìyàn léèrè gbogbo ọ̀rọ̀ asán tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Crowther mọ iye ohun tí ó wà nínú èdè yìí ju bí ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lọ. Ó tẹ ìwé atúmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1843, ó sì tún un ṣe, ó bù kún un, ní 1852. Òwe pọ̀ nínú ìwé ti 1852 yìí. Bí ó bá ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan, yóò mú òwe tí a ti ń lo ọ̀rọ̀ náà wá. O. E. Vidal, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù Sàró ní ọdún náà, ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Ohun tí ó ya Vidal lẹ́nu jù ni àwọn òwe wọ̀nyí. Ó rí i pé bí apá kejì òwe Yorùbá ti ń dá apá kìíní lóhùn, tí ọ̀rọ̀ ń bá ọ̀rọ̀ dọ́gba, tí èrò sì ń kọjú sí èrò, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ewì àwọn Hébérù ṣe rí. Àkíyèsí yìí jinlẹ̀. Ọ̀pọ̀ òyìnbó ìgbà náà gbà pé aláwọ̀ dúdú kò ní ọgbọ́n kankan tí ó yẹ kí a kọ sílẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù wọn sì ń sọ fún wọn pé ohùn àwọn àgbà Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá jọ ohùn àwọn amòye Jerúsálẹ́mù.

Ọ̀nà tí Crowther gbà ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀ rọ̀ mọ́ etí gbígbọ́. Kì í jókòó sínú yàrá kí ó máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Yóò bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀, yóò fetí sí àwọn abọ̀rìṣà níbi ọdún wọn, yóò máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí ó bá bọ́ lẹ́nu ènìyàn nígbà tí onítọ̀hún kò mọ̀ pé a ń kọ ohun tí òun ń sọ. Ìwé sí àwọn ará Róòmù jáde ní 1850. Lúùkù, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì àti lẹ́tà Jákọ́bù tẹ̀lé e láìpẹ́. Ìwé Òwe àti Ìwé Oníwàásù jáde ní 1856. Thomas King, ọmọ Yorùbá bí tirẹ̀, bá a ṣe nínú iṣẹ́ náà. Ní 1862 iná jó ilé Crowther, ó sì jó àkọsílẹ̀ ọdún mọ́kànlá tí ó ti ń kó jọ, pẹ̀lú apá kan nínú ìtumọ̀ tí kò tíì tẹ̀. Àdánù náà kọjá ti ènìyàn kan: ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà tí wọ́n ti kú ni iná jó. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀, a sì parí odidi Bíbélì Yorùbá ní 1884.

Ó yẹ kí a ro bí lẹ́tà Jákọ́bù yóò ti dún létí ará Abẹ́òkúta tàbí ará Ìbàdàn ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nínú orí kẹta rẹ̀, àpọ́sítélì náà fi ahọ́n wé ìjánu ẹṣin, ó fi wé ìtọ́kọ̀ ọkọ̀ ńlá, ó sì fi wé iná kékeré tí ń jó igbó kìjikìji. Kò sí ará Ọ̀yọ́ tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ júwe ẹṣin àti ìjánu fún. Ẹṣin ni Ọ̀yọ́ fi jagun. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti Sàró padà wálé ti rí ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ti rí i nígbà tí wọ́n wà nínú ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì tún rí i nígbà òmìnira. Ní ti iná, ilé tí a fi koríko bò ni gbogbo ènìyàn ń gbé, ẹ̀tapàrà kan láti ibi àdògán sì tó láti jó agboolé kan kanlẹ̀. Àfiwé Jákọ́bù kò nílò àlàyé. Ohun tí ó nílò ni ẹni tí yóò sọ ọ́ bí ará ilé ti ń sọ ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìsìn tí ìjọ ń lò pẹ̀lú kò ti òkun wá gbogbo rẹ̀. Kí oníwàásù Kristẹni tó dé Bàdágìrì ní ọdún 1842, ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti pẹ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin, àwọn mùsùlùmí sì ti sọ àdúrà, ìwàásù, wòlíì àti àlùfáà di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé gbọ́. Crowther kò tìtorí pé ẹlòmíràn ni ó kọ́kọ́ lò wọ́n kí ó jù wọ́n nù. Ọgbọ́n ńlá ni èyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a gbọ́ òun kò ní bá ọjà jà nítorí owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀.

Láti 1846, nígbà tí Crowther àti Henry Townsend, òjíṣẹ́ CMS bíi tirẹ̀, dó sí Abẹ́òkúta, ìwàásù jáde kúrò nínú ilé ìsìn bọ́ sí ìta gbangba. Abẹ́ igi, ẹnu ọ̀nà baálé, ọjà, ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń sinmi, gbogbo rẹ̀ ni oníwàásù ń dé. Láti 1853, David Hinderer, òjíṣẹ́ CMS mìíràn, àti aya rẹ̀ Anna jókòó sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn. Daniel Olúbí tí ó wà lọ́dọ̀ wọn ni ó wá di olórí iṣẹ́ náà lẹ́yìn wọn. CMS máa ń pàṣẹ fún àwọn òjíṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ṣe àti ohun tí wọ́n gbọ́ lójoojúmọ́ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí ìyẹn ni ìdáhùn àwọn olùgbọ́ kò ṣe ṣègbé: ohun tí baálé wí, ohun tí babaláwo fi dáhùn, ìbéèrè tí obìnrin kan béèrè nítòsí ìsọ̀ rẹ̀. Àwọn ìwé wọ̀nyí ni J. D. Y. Peel fi ṣe ìpìlẹ̀ ìwé ńlá tí ó kọ ní 2000 lórí bí ìgbàgbọ́ Kristẹni àti ilẹ̀ Yorùbá ti pàdé.

Ohun kan hàn kedere nínú àwọn àkọsílẹ̀ náà. Àwọn olùgbọ́ kì í sábà já lu oníwàásù. Wọn yóò kí i, wọn yóò fún un ní ìjókòó, wọn yóò gbọ́ ọ dé òpin, wọn yóò sì ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára. Lẹ́yìn náà ni àgbà kan yóò fi òwe kan ṣoṣo dá gbogbo ìwàásù náà lóhùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́mọdé oníwàásù rò pé ìtẹríba yìí jẹ́ ìgbàgbọ́, wọ́n sì ń kọ ọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú ayọ̀. Àwọn mìíràn, tí ìtara mú, máa ń fi òrìṣà onílé bú u ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ìtara wọn kì í ṣe èké. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bú bàbá rẹ̀ kì í gbọ́ apá yòókù ọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìhìn rere ni apá yòókù náà. Àwọn tí ìwàásù wọn so èso ni àwọn tí wọ́n kọ́ láti dákẹ́ kí onílé sọ tirẹ̀, tí wọ́n sì lè pa òwe bí àgbà ti ń pa á.

Crowther fúnra rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí díẹ̀díẹ̀. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ní Sàró ó ti bá àwọn mùsùlùmí jiyàn gidigidi, ó sì rí i pé iyàn kò yí ọkàn kankan padà. Ní 1872, nígbà tí ó ti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù fún ọdún mẹ́jọ, ó dé ààfin Ìlọrin, ó sì jókòó níwájú Ẹ́míà àti àwọn ààfáà rẹ̀. Wọ́n bi í ní ìbéèrè lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Kò jiyàn. Ìbéèrè tí wọ́n bá bi í, yóò ṣí apá Bíbélì Yorùbá tí ó ti jáde nígbà náà, yóò ka ibi tí ó bá ọ̀rọ̀ náà mu sí wọn létí, yóò sì dákẹ́. Ọ̀kan nínú ohun tí ó kà ni ìtàn áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì àti Màríà, ìtàn tí mùsùlùmí náà mọ̀ nínú Kùránì, tí ó sì bọ̀wọ̀ fún. Ìpàdé náà parí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nínú ìwé rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1892, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó fi yé àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn pé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí òun rí ni pé kí a jẹ́ kí Ìwé Mímọ́ sọ tẹnu rẹ̀. Nínú gbogbo ìtàn ìwàásù ní ilẹ̀ Yorùbá, bóyá ni ibì kankan wà tí agbára ọ̀rọ̀ àti ọgbọ́n ti pàdé ju ààfin yẹn lọ. Bíṣọ́ọ̀bù tí ó mọ èdè Yorùbá ju ẹni gbogbo lọ ni ó yàn láti má sọ púpọ̀.

Ní òpin ọ̀rúndún náà, àlùfáà kan ní Oǹdó, Emmanuel Moses Líjàdù, tún gbé etí gbígbọ́ síwájú. Ó lọ jókòó ti àwọn babaláwo, ó gba ẹsẹ Ifá lẹ́nu wọn, ó sì kọ ọ́ jáde ní Yorùbá. Ìwé rẹ̀ kan lórí Ọ̀rúnmìlà jáde ní 1908. Kò fi ìgbàgbọ́ Kristi sílẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé ẹni tí yóò wàásù fún ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ tí ẹni náà gbẹ́kẹ̀ lé, kí ó sì mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ fura sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ wà títí dòní fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn babaláwo Oǹdó sọ.

Orin ni ọ̀rọ̀ ti jìyà jù. Àwọn orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì wà lórí ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì, ohùn náà sì ń gòkè níbi tí Yorùbá ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tí Yorùbá ń gòkè. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, ọ̀run lè di ọrùn lẹ́nu ìjọ tí ń kọ ọ́ tọkàntọkàn. Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì ti Abẹ́òkúta (1855–1930) mú ohùn orin tí àwọn ènìyàn ń kọ ní ilé àti ní oko, ó fi ọ̀rọ̀ Kristi sí i, ohùn àti ọ̀rọ̀ sì bá ara wọn rẹ́. Ní 1922, ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé iṣẹ́ Zonophone gba orin rẹ̀ 43 sílẹ̀ sínú àwo. T. K. E. Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó láti 1914, ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953.

Ọdún 1918 ni ọ̀rọ̀ ẹnu tún gba ọ̀nà mìíràn. Àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn tí ó ja gbogbo ayé dé ilẹ̀ Yorùbá, ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìjọba sì ti àwọn ilé ìsìn pa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan tí J. B. Ṣàdáre jẹ́ àgbà wọn kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Orúkọ ẹgbẹ́ wọn ni Òkúta Iyebíye. Sophia Ọdúnlámì, olùkọ́ kan láàrin wọn, ń kéde pé Ọlọ́run yóò fi omi àti àdúrà wo aláìsàn sàn. Ní Èkó, Moses Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́ tí ẹsẹ̀ ń dùn, ti ń rìn láti ìlú dé ìlú pẹ̀lú ìwàásù, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní Bàbá Aládùúrà. Ní oṣù kẹfà 1925 ni wọ́n pè é wá gbàdúrà fún ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Christianah Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n, tí ó bọ́ sínú ìran. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni Ẹgbẹ́ Séráfù bẹ̀rẹ̀.

Àdúrà àwọn ará yìí kì í ṣe èyí tí a ń kà jẹ́jẹ́ nínú ìwé. Wọ́n ń gbà á sókè, wọ́n ń pe orúkọ Ọlọ́run léraléra, wọ́n ń ka Sáàmù kan fún aboyún, òmíràn fún ẹni tí ọ̀tá ń lépa, òmíràn fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àlùfáà ìjọ àtijọ́ fi wọ́n sùn pé ọfọ̀ ni wọ́n wọ aṣọ Bíbélì fún. Ẹ̀sùn náà kò tọ̀nà tán, kò sì ṣófo tán. Nínú ọfọ̀, ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ ni ó ní agbára. Nínú àdúrà, ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ni ó ní in, Ó sì lè sọ pé rárá. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì nìyẹn, ìyàtọ̀ ńlá sì ni. Àwọn aládùúrà tí wọ́n dì í mú fi gbígbààwẹ̀ àti ìrẹ̀lẹ̀ sin ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn tí wọ́n gbàgbé rẹ̀ sọ Sáàmù di oògùn. Ṣùgbọ́n ohun tí ìjọ àtijọ́ kò fẹ́ gbọ́ ni pé ebi irú àdúrà yìí ti ń pa àwọn ọmọ rẹ̀ fún àádọ́rin ọdún.

Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá, ni a bí ní 1904. Ẹ̀rọ tí ń tẹ ojú ọ̀nà ni ó ń wà fún ìjọba ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ nígbà tí ó sọ pé òun gbọ́ ìpè ní oṣù kẹwàá 1928. Ní oṣù keje 1930 ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Òòyè, Iléṣà. Agogo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwàásù rẹ̀ kúrú, ó rọrùn, ó sì le. Ó ń gbàdúrà sí omi, àwọn ènìyàn sì ń gbé e lọ ilé. Wọ́n ti Èkìtì, Oǹdó, Ìbàdàn àti ọ̀nà jíjìn wá. Ọ̀pọ̀ kó ère àti oògùn wọn jọ, wọ́n fi iná sun ún. Ohun tí ìwàásù àárín ọjà kò ṣe fún ọdún tí ó lé ní ọgọ́rin ni ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣe, ó kéré tán ní ojú àwọn tí ó wà níbẹ̀.

Apá kejì ọ̀rọ̀ pẹ̀lú fara hàn láìpẹ́. Àjẹ́ wà lára ohun tí Babalọlá ń wàásù tako, nígbà tí ó sì dé Òtùò, àwọn kan jẹ́wọ́, a sì fẹ̀sùn kan àwọn mìíràn. Ní 1932 ilé ẹjọ́ ìjọba rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Bìní. Ó ṣe ẹ̀wọ̀n náà, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ìjọ tí ó ti inú ìsọjí rẹ̀ jáde sì di Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi tí a mọ̀ sí CAC. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ti Babalọlá nìkan. Níbikíbi tí aríran bá ti lè na ìka sí ènìyàn ní gbangba, ọ̀rọ̀ kan lè lé opó kúrò nílé rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn ìjọ aládùúrà fi ṣe ètò lórí ọ̀rọ̀ ìran. A ó kọ ìran sílẹ̀, a ó gbé e lọ síwájú àwọn àgbà ìjọ, àwọn ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí ó bá jẹ́ ti ìkìlọ̀ fún ẹnì kan, wọn yóò pe onítọ̀hún sí kọ̀rọ̀, wọn yóò sọ fún un, wọn yóò sì bá a gbàdúrà kí wọ́n tó jẹ́ kí ó lọ.